Orírun Abigail Crowther, Aya Macaulay

Bí a bá bèèrè lọ́wọ́ ọmọ Ìjọ pé ta ni Abigail Crowther, kò ní pẹ́ dáhùn pé ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni, òun sì ni ìyá Herbert Macaulay. Òtítọ́ ni; ṣùgbọ́n baba àti ọmọ nìkan ni a fi dá obìnrin náà mọ̀ yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ni àwa yóò gbà, nítorí pé àwọn ni kò jẹ́ kí okùn ìran náà já.

Afala, ará Òsogùn, ni ìyá baba Abigail. Àwọn ará ilé rẹ̀ a sì máa ka ìran rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Aláàfin Abíọ́dún. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òsogùn. A mú Afala. A mú Àjàyí, ọmọ bí ọdún 13. A mú àwọn arábìnrin rẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn ṣì wà lẹ́nu ọmú. A fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin, a sì ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí ní Èkó. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, ó sì di ará Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti gbé Asano níyàwó, ẹni tí a gbà lóko ẹrú gẹ́gẹ́ bí òun. Asano yìí ni ó bí Abigail.

Afala kò mọ̀ pé ọmọ òun wà láàyè. A tún mú òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó sì rà á padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó gbọ́ pé Àjàyí wà ní Abẹ́òkúta, ó sì wá a wá. Ọdún 25 ti kọjá! Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé ni ó ń dà lójú wọn. Nígbà tí ohùn sì jáde, oríkì tí ìyá àgbà Àjàyí fi ń kì í ní kékeré ni Afala fi pè é. Ìyá àgbà náà ti kú sóko ẹrú. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó kù.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún Afala, a sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Samuẹli inú Bíbélì.

Ní ọdún 1854 Abigail fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ọmọ Sàró tí ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ọdún 1864 ni a fi baba rẹ̀ jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọdún náà gan-an ni ó sì bí Herbert. Nígbà tí Afala fi sùn ní 1883, Herbert, ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀, ti di ọ̀dọ́kùnrin.