Ìgbàgbọ́

Gbà àti gbọ́ ló bí i: ohun tí a gbọ́ tí a sì gbà. Ní Ọ̀ffà, ìjọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà tán. Bí ẹ bá pe èèyàn ní onígbàgbọ́, Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n máa gbọ́.

Barry Hallen àti Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olubi Sodipo, àwọn olùkọ́ ìmọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ yìí lọ bá àwọn oníṣègùn Èkìtì. Ìwé wọn jáde ní 1986. Ohun tó ṣojú ẹni nìkan lèèyàn mọ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà náà wí. Èyí tí wọ́n sọ fúnni, ì báà jẹ́ tíṣà ló sọ ọ́, ìgbàgbọ́ ni, àfi tí a bá dán an wò.

Ó le o! Púpọ̀ nínú sáyẹ́ǹsì tí a kọ́ nílé ìwé, ìgbàgbọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì Ọ̀ffà tó ki bébà lítímọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù bọ omi ọsàn wẹ́wẹ́, tó rí i tó pọ́n, ìyẹn mọ̀. Ẹni tó kàn há a sórí, ó gbà á gbọ́ ni.

Ẹni tó ka ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára lórí WhatsApp, tó wá ń pariwo ní Ọjà Owódé pé "mo mọ̀ dájú" ńkọ́? Ṣé ó ṣojú ẹ̀ ni? Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tí dókítà bá sọ nípa abẹ́rẹ́ náà, ìgbàgbọ́ ni lọ́dọ̀ ẹni tó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n a lè tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ dókítà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣojú wọn kòró.