Bàbá Ẹgbẹ́ Tàbí Amí? Ipa Olùdámọ̀ràn nínú Ìtàn Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà (WASU), 1925–1949

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹgbẹ́ a máa ní bàbá ẹgbẹ́ àti ìyá ẹgbẹ́. Àgbà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ojúgbà àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dójú rú, ọ̀dọ̀ wọn ni à ń gbé e lọ. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, irú àgbà bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò wá. Ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò tún béèrè olùdámọ̀ràn, òṣìṣẹ́ tí yóò fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́ kí a tó gbà á wọlé. Láti ìgbà tí òfin ológun kẹtàdínláàádọ́ta (47) ti ọdún 1989 ti fún ìjọba àti àwọn alákòóso lágbára lórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè kan kò yé jẹ yọ: ta ni olùdámọ̀ràn ń jẹ́ iṣẹ́ fún? Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun, gẹ́gẹ́ bí ìtàn WASU ti fi hàn.

Ọjọ́ 7, oṣù Kẹjọ, ọdún 1925 ni a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ń kọ́ iṣẹ́ amòfin, ni akọ̀wé àgbà. Herbert Bankole-Bright, dókítà àti olóṣèlú ará ilẹ̀ Sàró, ni àgbà tí ó gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n para pọ̀ di ọ̀kan. J. E. Casely Hayford, amòfin ọmọ Gold Coast (Gánà òde òní), di bàbá ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tí ìjọba yàn fún wọn nínú àwọn wọ̀nyí.

Ìṣòro tí ó le jù ni ti ibùgbé, nítorí ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù kì í gba aláwọ̀ dúdú sílé. Ní 1928, Marcus Garvey fi ilé kan ràn wọ́n lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Láti 1929 sí 1932 Ṣólàńkẹ́ rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ká, ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọba, oníṣòwò àti ọ̀mọ̀wé. Ní 1933 ilé WASU ṣí ní Camden Road. Òun ni alábòójútó. Ọpẹ́olú aya rẹ̀ ni ó ń tọ́jú ilé. Ní tiwa, ìyá ẹgbẹ́ gan-an ni obìnrin yìí, bí àwọn òpìtàn kì í tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ní 1934 ni ilé mìíràn dé. Ọ́fíìsì tí ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ amúnisìn wà lẹ́yìn Aggrey House, tí a fi orúkọ James Aggrey, olùkọ́ ọmọ Gold Coast, pè. WASU kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ojú ni ìjọba fẹ́ fi máa ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹnikẹ́ni lè sọ pé àṣejù ni èyí, pàápàá nígbà tí WASU fúnra rẹ̀ gba owó ìjọba kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí. Lójú tiwa, kì í ṣe owó ni ìjà náà dá lé lórí bí kò ṣe ẹni tí ó lágbára láti yan alábòójútó, tí ó sì lè yọ ọ́. Àní, ní 1940 àwọn alákòóso Aggrey House tì í pa nígbà tí ìṣèlú àwọn tí ń lò ó kò bá wọn lára mu mọ́.

Bí Ṣólàńkẹ́ ti jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ tó náà, àléébù tirẹ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ, akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀, òun wà lójú kan. Ní 1944 ó tún lọ sí Áfíríkà láti wá owó, kò sì padà títí di 1948. Kó tó dé, àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀nà ìṣèlú wọn le ju tirẹ̀ lọ ti gba ipò. Kwame Nkrumah ti ṣe igbákejì ààrẹ láàrin wọn rí. Wọ́n ń bu ọlá fún un, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí ó máa darí wọn mọ́. Ní 1949 ó fi ipò akọ̀wé àgbà sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó kú ní 1958.