Àdàbà, àmì obìnrin àti ìlà méjì: Báwo ni àmì ìdọ́gba tí UN ń lò ṣe bẹ̀rẹ̀?

Tí ẹ bá ti dé ọ́fíìsì UN Women rí, yálà l'Abuja tàbí ní Dakar, ẹ ó ti rí àmì náà: ẹyẹ àdàbà, àmì obìnrin àti ìlà kéékèèké méjì tó wà lórí ara wọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ àmì yìí, àmọ́ ìwọ̀nba ló mọ̀ pé obìnrin ẹni ọdún 27 kan ló yà á.

Ta ló ya àmì náà?

Lóṣù Kejìlá ọdún 1972 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, UN, kéde pé 1975 yóò jẹ́ Ọdún Àwọn Obìnrin Lágbàáyé. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní yóò dá lé: ìdọ́gba, ìdàgbàsókè àti àlàáfíà.

Ní 1974, Valerie Pettis tó ń ṣiṣẹ́ ní Henry Dreyfuss Associates ní New York ni iṣẹ́ àmì ìdánimọ̀ náà já lé lọ́wọ́.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Àmì tí gbogbo ayé máa lò kò gbọdọ̀ nílò ògbufọ̀. Ohun táwọn èèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni Pettis sì lò.

Àdàbà dúró fún àlàáfíà. Òbìrìkìtì tó ní àgbélébùú nísàlẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń lò fún abo láti ìgbà Linnaeus ní ọ̀rúndún 18. Ìlà méjì náà wá láti inú ìṣirò: ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá mọ̀ pé ohun tó wà lápá òsì gbọ́dọ̀ bá tọwọ́ ọ̀tún dọ́gba.

Ìlà méjì yìí ló gbé ọ̀rọ̀ náà ró. Ká ní àwòrán obìnrin nìkan ni, àwọn kan ì bá sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni, kò kàn wọ́n. Àmọ́ ìdọ́gba gbọ́dọ̀ ní apá méjì, ó kan ọkùnrin, ó sì kan ẹni tó gbani síṣẹ́.

Ọ̀fẹ́ ni Pettis fún UN ní àmì náà.

Láti Mexico dé Nairobi

Lóṣù Kẹfà 1975, orílẹ̀-èdè 133 péjọ sí Mexico City fún ìpàdé àgbáyé àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ obìnrin. Lọ́dún náà, Ghana tẹ sítáḿpù tó ṣàfihàn obìnrin tó ń wa katakata àti obìnrin tó jẹ́ mẹkáníìkì.

UN sọ ọdún kan náà di ọdún mẹ́wàá, tó parí pẹ̀lú ìpàdé Nairobi ní 1985. Nígbà tí wọ́n dá UN Women sílẹ̀ ní 2010, iṣẹ́ ọwọ́ Pettis ni wọ́n tún ṣe fún un.

Nàìjíríà ńkọ́?

Ní 1974 tí wọ́n ya àmì náà ni Nàìjíríà buwọ́ lu àdéhùn Àjọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé, ILO, pé owó kan náà ni kí ọkùnrin àti obìnrin máa gbà fún iṣẹ́ tó bá níye lórí bákan náà.

Àmọ́ ohun tó wà lórí ìwé yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́. Òfin 124 nínú ìlànà iṣẹ́ ọlọ́pàá ti 1968 ní obìnrin ọlọ́pàá tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó gbọ́dọ̀ kọ̀wé tọrọ àyè lọ́wọ́ Kọmíṣánnà. Wọn kò béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin.

Ọdún 2012 ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Eko tó fagi lé e, pé ó tako ìwé òfin Nàìjíríà.

Ọdún 38 rèé lẹ́yìn tí Pettis fa ìlà méjì rẹ̀. Ayàwòrán lè fà á lóòjọ́, àmọ́ àwọn tó ń ṣòfin àtàwọn tó ń gbani síṣẹ́ ló kù tó lè mú un ṣẹ.