Àwọn Tí Kò Fi Ọgbọ́n Ọwọ́ Wọn Pamọ́

Bí oníṣègùn kan bá mọ ewé tí ń wo ibà, ǹjẹ́ yóò kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri fún gbogbo ará ọjà? Ó ṣòro. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣe irú rẹ̀ nípa rédíò.

Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rédíò. Nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni wọ́n ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1978, àwọn kan nínú wọn ní Montreal, ilẹ̀ Kánádà, fi ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ lójú afẹ́fẹ́ ní ìdì kékeré kékeré.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. A ó gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, a ó sì kọ orúkọ ẹni tó rán an àti ẹni tí a rán an sí sára ìdì kọ̀ọ̀kan, bíi ti lẹ́tà. Àpótí kékeré kan wà láàárín kọ̀ǹpútà àti rédíò tí ń sọ ìdì náà di ohùn méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè dùndún lè máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àyàn wo ni yóò lu àmì 1200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan? Bí ìdì méjì bá forí gbárí, méjèèjì bàjẹ́. Ẹni tí èsì kò dé bá á dúró díẹ̀, á sì tún tirẹ̀ rán. Àwọn ará Yunifásítì Hawaii ti ń lo irú ọgbọ́n yìí láti ọdún 1971.

Àpótí yẹn gan-an ni ìṣòro, nítorí kò sí lórí àtẹ. Ní nǹkan bí ọdún 1980, Doug Lockhart ní Vancouver ya bí a ti ń ṣe é, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń ta pátákó rẹ̀ lófìfo fún ẹni tó bá fẹ́ tò ó fúnra rẹ̀. Ní 1982, àwọn ará Tucson, nínú aṣálẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, dá ẹgbẹ́ TAPR sílẹ̀. Àwọn kó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sínú páálí, pẹ̀lú ìwé tó sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ẹni tó rà á ni yóò fi òjé jó wọn pọ̀. Àpótí wọn kejì, ti ọdún 1985, dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi wá gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn láti máa ṣe irú rẹ̀ tà. Ẹ wò ó o, ẹni tí ń fi ọwọ́dilẹ̀ ṣeré ló kọ́ oníṣòwò níṣẹ́!

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá na àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ sí gbangba lè pàdé aláìmoore tí yóò mú un, tí yóò tún un ṣe, tí yóò sì fi àtúnṣe náà pamọ́. Nítorí èyí ni TAPR fi gbé ìwé àdéhùn kan jáde ní 2007. Ẹnikẹ́ni lè ṣe ẹ̀rọ náà, ó lè tún un ṣe, ó sì lè tà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá tà á, ó gbọ́dọ̀ fi àwòrán àtúnṣe tirẹ̀ náà hàn.