Owó àsansílẹ̀ fún ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́

Owó àsansílẹ̀ fún ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni iye tí ọlọ́kọ̀ ń san lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún kí ohun èlò tí wọ́n ti kàn mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń sanwó DStv mọ̀ pé ètò tó ń gba ojú ọ̀run wá ni òun ń rà. Àga tí ń móoru kò gba ohunkóhun láti ojú ọ̀run. Ìyàtọ̀ yìí ló ń bí àwọn oníbàárà nínú.

== Ìtàn ==
BMW ń gba dọ́là 80 lọ́dún lórí Apple CarPlay ní Amẹ́ríkà, kí ó tó jáwọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Ní ọdún 2022, ariwo ta lórí pọ́n-ùn 15 tí ilé-iṣẹ́ náà ń béèrè lóṣù ní Britain fún àga tí ń móoru; ó pa èyí náà tì ní 2023. Mercedes-Benz ní tirẹ̀ kéde dọ́là 1,200 lọ́dún ní Amẹ́ríkà kí àwọn ọkọ̀ oníná rẹ̀ kan lè túbọ̀ yára. Wọn kò fi irin kankan kún ọkọ̀ náà. Ètò kọ̀ǹpútà ló de agbára rẹ̀ mọ́lẹ̀.

== Ní Festac Town àti Amuwo-Odofin ==
Tòkunbọ̀ pọ̀ láàárín ọkọ̀ tí wọ́n ń wà ní Festac Town, ìlú tí wọ́n kọ́ nítorí àjọ̀dún FESTAC '77, àti káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin. Níhìn-ín, ẹni tó fẹ́ sanwó gan-an kò rí ọ̀nà san án. Orúkọ SiriusXM ń hàn lójú rédíò ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ṣùgbọ́n Àríwá Amẹ́ríkà ni sátẹ́láìtì rẹ̀ dojú kọ. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, nígbà tí AT&T pa 3G rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2022, àwọn ọkọ̀ kan pàdánù ẹ̀rọ ìpè pàjáwìrì wọn.

Àwọn kan a máa yọ rédíò náà, wọn a fi ti Android rọ́pò rẹ̀. Èyí kò rọrùn nínú ọkọ̀ tí ojú rédíò rẹ̀ tún ń darí ẹ̀rọ amúlétutù àti kámẹ́rà ẹ̀yìn.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà fún olùrà ní ẹ̀tọ́ láti mọ iye ọjà àti láti gba àlàyé ní èdè tó yé e. Ẹni tó ta tòkunbọ̀ ni olùrà lè bi léèrè. Ilé-iṣẹ́ tó ti ẹ̀rọ náà pa wà lókè òkun.