Ẹni tí Ń Ṣọ́ Ìgò Oògùn

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe lọ́jọ́ iwájú, ẹ súnmọ́ ibí dáadáa, nítorí ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi kan wá kí mi nílé. Èmi àti bàbá rẹ̀ ni a jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ojú ọmọ náà fà ro. Iṣẹ́ dókítà ni ó fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ kò tó. Wọ́n wá kọ̀wé sí i pé bí ó bá fẹ́, àwọn lè gbà á láti kọ́ iṣẹ́ apoògùn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé kí n gbà á? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹni tí kò rí dókítà ṣe ni ó ń ṣe apoògùn. Wọ́n ní kí ni iṣẹ́ wọn ju pé kí wọ́n máa ka hóró oògùn sínú ọ̀rá lọ?"

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Tíṣà ìtàn ni mí, ẹ sì mọ bí àwa tíṣà ìtàn ti rí: bí ẹ bá bi wá ní ọ̀nà ọjà, ẹni tí ó dá ọjà náà sílẹ̀ ni a óò kọ́kọ́ sọ. Ìtàn ni mo sọ fún un. Òun náà ni n óò sọ fún yín.

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ wa, ẹnì kan náà ni ó sábà máa ń wádìí àrùn tí ó sì ń po oògùn rẹ̀. Oníṣègùn yóò wo aláìsàn, yóò já ewé, yóò wa egbò, yóò gún un, yóò sì fún un mu. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé àwọn elewé ọmọ àti àwọn lẹ́kùlẹ́jà. Àwọn wọ̀nyí kì í wo àrùn; ohun tí a fi ń po oògùn ni wọ́n mọ̀. Ẹni tí ó bá ti dé ọjà Bódè ní Ìbàdàn rí yóò jẹ́rìí sí i pé ẹ̀kọ́ ńlá ni kí ènìyàn mọ èèpo igi tí ó jọra méjì yàtọ̀ síra. Bí ìyá elewé bá ṣì ọ̀kan mú, ẹni tí ó mu àgbo ni yóò jìyà rẹ̀.

Lókè òkun, wọn kò fẹ́ kí iṣẹ́ méjèèjì wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ní nǹkan bí ọdún 1240, Ọba Frederick Kejì, tí ó jọba ní Sicily, ṣe òfin pé ọ̀tọ̀ ni dókítà, ọ̀tọ̀ ni apoògùn, àti pé dókítà kò gbọdọ̀ bá apoògùn da òwò pọ̀. Ẹ̀yin náà yóò rí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń sọ oògùn tí a óò rà, tí òun náà tún ń tà á, àpò rẹ̀ lè máa bá orí rẹ̀ jiyàn. Láti ìgbà náà ni ojú méjì ti ń wo oògùn kan kí ó tó dé ẹnu aláìsàn.

Apoògùn náà kò sì jókòó lásán sẹ́yìn káńtà. Ní ọdún 1820, ní Paris, apoògùn méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Pelletier àti Caventou yọ kuiníìnì láti inú èèpo igi kan tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá. Ṣáájú ìgbà náà, lílọ̀ ni wọ́n ń lọ èèpo náà mu fún ibà. Èèpo kan yóò le, òmíràn yóò rọ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìwọ̀n tí ó mu gan-an. Nígbà tí àwọn méjì yìí yọ agbára inú rẹ̀ sọ́tọ̀, a lè wá wọ̀n ọ́n.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn dà lọ́dọ̀ wa níbí. Ní ọdún 1841, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta gba Odò Ọya wọ inú ilẹ̀ yìí. Ibà kọlu àwọn òyìnbó inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kú. Ní ọdún 1854, ọkọ̀ míràn tí à ń pè ní Pleiad gba odò kan náà. Dókítà Baikie tí ó ṣe olórí wọn ní kí wọ́n máa lo kuiníìnì. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó kú. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, wà nínú ìrìn àjò méjèèjì. N kò ní fi ìyókù pamọ́ fún yín: ọ̀nà tí kuiníìnì là fún oníwàásù, òun náà ni ó là fún oníṣòwò àti fún ọmọ ogun tí wọ́n tẹ̀lé e wá. Oògùn kì í yan ẹni tí yóò gbà là.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí Èkó. Ní ọdún 1887 ni Ọ̀gbẹ́ni Bailey ṣí ilé oògùn sí àdúgbò Balógun, èyí tí àwọn apoògùn wa fi ń ka ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn ní Nàìjíríà. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni Emmanuel Caulcrick ti kọ́ iṣẹ́, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ní ọdún 1902, Caulcrick gba ìwé àṣẹ ìjọba láti máa po oògùn kí ó sì máa tà á. Ní ọdún 1927, òfin míràn jáde lórí májèlé àti iṣẹ́ apoògùn. Ẹ kíyè sí i pé májèlé àti oògùn ni wọ́n kọ sínú òfin kan ṣoṣo. Àwọn tí ó ṣe òfin náà mọ̀ pé ìbátan ni wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀kọ́ wà ní Yaba, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn apoògùn wa àtijọ́ ti jáde. Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962, iṣẹ́ apoògùn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé dání, ibẹ̀ ni ọmọ Nàìjíríà sì ti kọ́kọ́ gba oyè yunifásítì nínú rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹ kò gbọdọ̀ rò pé àwọn ènìyàn yẹpẹrẹ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Apoògùn ni Ọba Adéyínká Oyèkàn kí ó tó gorí ìtẹ́ Èkó ní ọdún 1965. Apoògùn ni Julius Adélùsì-Adélúyì, ọmọ Adó-Èkìtì, tí ó tún lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, tí ó sì ṣe mínísítà ètò ìlera ní ọdún 1993.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ẹnì kan tí ó wù mí jù, ọ̀jọ̀gbọ́n Ifẹ̀ nì, Abáyọ̀mí Ṣófowóra, ni n óò mú. Ẹ mọ orin àta, pákò tí àwọn bàbá wa fi ń rin eyín, tí ó máa ń ta ni lẹ́nu. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú egbò rẹ̀ wọ yàrá ìwádìí. Ní ọdún 1975, wọ́n kọ̀wé jáde lórí ohun kan tí wọ́n yọ nínú rẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Pákò tí a ń rìn tí a sì ń tu dànù, ẹ ò rí i? Ẹni tí kò mọ ewé nílé, tí kò sì mọ kẹ́mísírì, kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibí yìí. Mo ní kí ó dúró ná.

Mo sọ ìtàn omi dídùn kan fún un. Orúkọ rẹ̀ ni diethylene glycol. Kò ní àwọ̀, ó ki díẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ ni a ti ń lò ó. Wọ́n máa ń fi sínú omi bíréèkì ọkọ̀. Ní ọdún 1937, ilé iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà fẹ́ sọ oògùn oníhóró kan di olómi, nítorí pé àwọn ọmọdé kò lè gbé hóró mì. Oògùn náà kò yọ́ nínú omi. Ó wá yọ́ nínú omi dídùn yìí. Wọ́n fi adùn èso sí i, wọ́n tọ́ ọ wò, ó dùn, wọ́n rí i pé ó rí rekete nínú ìgò, wọ́n sì kó o sọ́jà. Kò sí ẹni tí ó wò ó bóyá ó lè pa ènìyàn. Ó ba kíndìnrín àwọn tí ó mu ún jẹ́. Ó ju 100 ènìyàn lọ tí ó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1938 nítorí rẹ̀ ni ó sọ pé kí á fi hàn pé oògùn tuntun kò léwu kí á tó tà á.

Ẹ óò rò pé ó parí síbẹ̀. Ní ọdún 1990, omi kan náà wọ inú oògùn ibà àwọn ọmọdé ní Nàìjíríà. Ní Ìbàdàn àti ní Jos, àwọn ọmọ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ilé ìwòsàn pé àwọn kò lè tọ̀. Ó ju 40 lọ tí ó kú. Láti ìparí ọdún 2008 wọ ọdún 2009, ó tún dé nínú oògùn tí à ń fún ọmọ tí ń hu eyín. Ọmọ 84 ni ó bá a lọ. Ní ọdún 2022, ó gba inú oògùn ikọ́ wọ Gáḿbíà, ó pa ọmọ tí ó ju 60 lọ.

Báwo ni irú rẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀? Omi míràn wà tí ó jọ ọ́, tí kò léwu, tí a fi ń yọ́ oògùn. Èyí tí ó léwu kò wọ́n tó o. Ẹnì kan yóò ta èyí tí kò wọ́n ní orúkọ èkejì, ẹlòmíràn yóò sì dà á sínú ìkòkò láìyẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n jọ dùn. Wọ́n jọ mọ́ gaara. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ibí yìí gan-an ni apoògùn ti ń jẹ́ apoògùn: pé kí ó mú díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n gbé dé, kí ó dán an wò, kí ó sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ọ̀gá rẹ̀ tilẹ̀ ti sanwó rẹ̀.

Dora Akunyili náà jẹ́ apoògùn, ọ̀jọ̀gbọ́n ni pẹ̀lú. Ní ọdún 1988, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà kú nítorí pé ayédèrú ni ínsúlìn tí wọ́n ń gún sí i lára. Ní ọdún 2001, wọ́n fi í ṣe olórí àjọ NAFDAC, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn. Ó kó ayédèrú oògùn jọ, ó dáná sun ún ní gbangba. Ó ti ọjà pa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ọta sì gba inú gèlè orí rẹ̀ kọjá. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọdún 2008 ni ó tó kúrò níbẹ̀.

Ní ilé tèmi, apoògùn tí ó gbà wá kò ní orúkọ nínú ìtàn. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, ara rẹ̀ gbóná. Dókítà kọ̀wé oògùn, mo sáré mú un lọ sí kẹ́míìsì. Ọmọbìnrin tí ó wà lẹ́yìn káńtà wo ìwé náà, ó tún un wò. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kílò mélòó ni ọmọ yín wọ̀n?" Inú bí mi, mo ní ṣé ẹran ni mo wá tà fún un ni. Kò bá mi jà. Ó fi fóònù pe dókítà. Àmì kékeré kan ni dókítà fò: 2.5 ni ó fẹ́ kọ, 25 ni ó wà nínú ìwé. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tí mo lè bí.

Ní ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, n kò tan ọmọ ọ̀rẹ́ mi jẹ. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Mẹ́fà ni fún àwọn tí ń gba oyè tuntun tí wọ́n ń pè ní Pharm.D. Lẹ́yìn náà, ọdún kan lábẹ́ àwọn tí ó ti pẹ́ nínú rẹ̀, kí ó tó di agùnbánirọ̀. Kẹ́mísírì pọ̀ nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá kórìíra rẹ̀ kí ó má dán an wò. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń sọ ìwé àṣẹ di ọ̀tun. Bí ó bá sì ṣí kẹ́míìsì, onípátẹ́ńtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kò kàwé lè máa ta ọjà jù ú lọ, nítorí pé òun kì í bi oníbàárà ní ìbéèrè púpọ̀. Àwọn kan lára wọn ti gba òkè òkun lọ nítorí owó, n kò sì bú wọn.

Mo ní, "Ìwọ wo ara rẹ. Lálẹ́, nígbà tí kò sí ẹnì kankan nítòsí, tí agba omi kan dé pẹ̀lú ìwé tí ó pé, tí ọ̀gá ń kánjú, ṣé wàá yẹ̀ ẹ́ wò? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, má wo ẹni tí ń pè ọ́ ní ẹni tí kò rí dókítà ṣe."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé ó pẹ́ kí wọ́n tó yẹ omi náà wò tán?"

Mo ní kò pẹ́. Kò tó ọjọ́ kan.

Ó ká ìwé rẹ̀, ó fi í sínú báàgì, ó kí mi pé ó dàárọ̀. Ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n fún un láti fèsì.