Awo àti Ọ̀gbẹ̀rì ní Hogwarts

Nínú fíìmù Harry Potter mẹ́jọ, ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù, ìyẹn Harry Potter and the Prisoner of Azkaban tó jáde lọ́dún 2004. Chris Columbus ló darí méjì àkọ́kọ́. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n ti ọmọdé ni wọ́n. Ìgbà tí Alfonso Cuarón, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò, gba iṣẹ́ náà ni ojú ọjọ́ ṣú, òtútù mú, tí àwọn ọmọ náà sì di ọmọ ọdún mẹ́tàlá lóòótọ́, tí wọ́n ń bínú, tí ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Fíìmù yìí ni mo máa ń fi Yorùbá ṣàlàyé fún àwọn ọmọ tó bá bá mi wò ó. Ó ti wá dá mi lójú pé èdè wa ti ní ọ̀pọ̀ ohun tí J. K. Rowling, òǹkọ̀wé ìtàn náà, ní láti ṣẹ̀dá orúkọ fún.

Ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní oṣó ni Harry, àjẹ́ ni Hermione. Ìwé atúmọ̀ èdè á gbè wọ́n lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ta ni Yorùbá ń pè ní àjẹ́? Ẹni tó ń di ẹyẹ lóru, tí wọ́n ní ó ń pa ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ti lé ìyá arúgbó kúrò nílé ọmọ tó bí. Ó ti sọ ọmọdé di ẹni à ń nà ní ilé àdúrà. Bí a bá gbé e lé Hermione lórí, ọmọ tí ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn òbí á pa tẹlifíṣọ̀n, mi ò sì ní dá wọn lẹ́bi. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fi orúkọ Èṣù pe Sátánì, títí di òní ni àwọn oníṣẹ̀ṣe ṣì ń ṣàlàyé pé òrìṣà tiwọn kọ́ nìyẹn. Wọlé Ṣóyínká ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968. Daemons ló kọ fún irúnmalẹ̀, ó ti lẹ́tà a kan bọ àárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yàtọ̀ sí ẹ̀mí àìmọ́ inú Bíbélì.

Awo ni èmi yàn. Ọmọ awo ni àwọn ọmọ Hogwarts, ilé ẹ̀kọ́ awo ni wọ́n ń lọ. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ yìí ní ẹnìkejì tó ti ń bá a rìn láti ayébáyé: ọ̀gbẹ̀rì. Ẹni tó kọjá níwájú ìgbàlẹ̀ tó jẹ́ pé igi lásán ló rí, ọ̀gbẹ̀rì ni. Ẹni tí Rowling ń pè ní Muggle, tí kò ní idán, gan-an nìyẹn. Àǹtí Marge tó bú òbí Harry lórí oúnjẹ, tó wú títí ó fi fò jáde lọ sójú ọ̀run, ọ̀gbẹ̀rì ni. Mo mọ̀ pé ẹnu lè má kò lórí èyí. Ẹ̀sìn ni awo jẹ́ fún àwọn kan, kì í ṣe eré. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gbẹ̀rì lè di awo lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un wọlé, Muggle kò sì lè di oṣó láéláé. Òótọ́ ni. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní fa orúkọ òrìṣà tàbí Odù kankan wọ inú fíìmù yìí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgboro ló ń pe ẹni tí kò mọ tinú iṣẹ́ ní ọ̀gbẹ̀rì, ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ le. Ẹ̀wù tí Harry ń wọ̀ tí ojú ò fi ní rí i, ẹ̀wù àféèrí ni. Ọdẹ kankan ò ní béèrè ìtumọ̀. Ọ̀pá ọwọ́ wọn, ọ̀pá ọfọ̀ ni. Ọ̀pá àṣẹ dùn-ún gbọ́ ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ọba ló ń gbé e, a ò lè fi lé gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ìgbálẹ̀ tiwa ò ní igi tí èèyàn lè gùn, nítorí náà ìgbálẹ̀ onígi ni tiwọn. Buckbeak, ẹranko tí iwájú rẹ̀ jẹ́ ti idì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin, Orí-idì-ìdí-ẹṣin ni mo pè é, etí Yorùbá á gbádùn idì àti ìdí tó fara kanra. Kò sì sí ohun tí mo ní í ṣàlàyé fún ọmọ Yorùbá nígbà tí Hagrid olùkọ́ ní kí Harry tẹríba fún un kó tó sún mọ́ ọn, tí Draco kọ̀, tó sì fara gbọgbẹ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni kíláàsì Lupin. Kọ́bọ́ọ̀dù kan dúró síbẹ̀, nǹkan kan ń jà gìrìgìrì nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìrísí rẹ̀, torí bó bá ti jáde, ohun tí ẹni tó kò ó lójú ń bẹ̀rù jù ló máa dà. Lupin gbé orin sí gramafóònù, àwọn ọmọ tò. Neville bọ́ síwájú, Snape olùkọ́ jáde sí i pẹ̀lú ojú líle. Neville ké ọfọ̀, aṣọ ìyá àgbà rẹ̀ sì bá Snape lọ́rùn, tòun ti fìlà àti báàgì. Aláǹtakùn tí Ron ń bẹ̀rù rí bàtà onítáyà lẹ́sẹ̀, ó ń yọ̀ káàkiri. Adìbẹ̀rù ni mo sọ ẹ̀dá náà, mo sì fi Dẹ̀rín! ṣe ọfọ̀ rẹ̀. Ó di ìbẹ̀rù, ìwọ náà pàṣẹ kó di ẹ̀rín. Bí ọfọ̀ Yorùbá ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: inú orúkọ nǹkan la ti ń fa àṣẹ tó máa ká a yọ.

Dementor ló le jù. Aláṣọ dúdú tó ń ṣọ́ ẹ̀wọ̀n Azkaban, tí fèrèsé rélùwéè ń di yìnyín bó bá ti ń bọ̀, tó ń fa inú dídùn mu lára èèyàn. Afayọ̀ á yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tó bá fa ayọ̀ lédè wa, ó mú ayọ̀ wá ni. Agbáyọ̀mì ni mo fi pè é. Bó bá sì fẹnu ko èèyàn lẹ́nu, kì í ṣe ẹ̀mí ló ń gbà, torí ẹni tí ẹ̀mí bọ́ lára rẹ̀ ti kú. Kì í sì ṣe ọkàn, torí ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù. Iyè ló gbà lọ; onítọ̀hún ń mí, kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Ohun tó lè lé e ni Patronus, tí Harry fi ìrántí ayọ̀ pè jáde, tó di akọ àgbọ̀nrín ìmọ́lẹ̀ lẹ́bàá adágún. Látìn ni ọfọ̀ rẹ̀ nínú fíìmù. Tèmi nìyí: Agbèjà, gbèjà mi! Ó kúrú tó fún ọmọ tí ẹ̀rù ń bà.

Harry rò pé bàbá òun ló pe àgbọ̀nrín náà. Ìgbà tí Hermione fi ohun tó fi ṣẹ́ẹ̀nì kọ́ ọrùn dá wákàtí mẹ́ta padà ló tó yé e pé òun fúnra òun ni. Adágbàpadà ni mo pe nǹkan náà. Mi ò lo yí padà, torí kò sí ohun kan tó yí padà nínú ìtàn yìí. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ náà ni wọ́n lọ ṣe. Sirius, ẹlẹ́wọ̀n Azkaban náà, tó ń di ajá, aparadà ni, torí òun ló pa ara rẹ̀ dà. Lupin kì í ṣe aparadà. Bí òṣùpá àrànmọ́jú bá yọ, ó di ìkookò, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Adìkookò ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ Yorùbá sísàlẹ̀ fíìmù, bí ti Harry Potter bá kàn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ọmọ yẹn ní àjẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní orúkọ tó sàn ju Agbáyọ̀mì lọ, kó kọ̀wé sí mi. Màá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.